Eku Ilé Oníkálukú

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri.

Ìyá rẹ̀ ti fi "dókítà mi, dókítà mi" di gbogbo ìlú Imoru létí. Nígbà tí ọmọ wá wálé ọdún Kérésì, mo wọ́ orúnkún mi lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́, a kò ní torí ìyá rẹ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, èmi kì í wo aláìsàn."

Dókítà tí kì í wo aláìsàn! Kí ló wá ń wò? Ó ní lẹ́tà. Ó ní yunifásítì ló gba òun síṣẹ́, pé orí kọ̀ǹpútà lòun ti ń ka lẹ́tà tó wà nínú kòkòrò àìsàn, ìyẹn lẹ́tà àbùdá rẹ̀. Mo wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo òkè àjà. Èlùbọ́ obìnrin yẹn náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Iyanrìn inú rẹ̀ tó fi mọ ilé.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀ẹ́n, lẹ́tà. Ibà Lassa lọmọ náà ń bá jà, èyí tó sọ àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ di ẹni tí rédíò ń dárúkọ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969, ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi bó ṣe wá fi ọ̀dọ̀ tiwa ṣe ibùgbé. Ọmọ yìí ní lẹ́tà inú ara èèyàn tó bílíọ̀nù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ti kòkòrò Lassa kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ. Ẹ wo nǹkan kékeré tó ń gbé géńdé ṣánlẹ̀!

Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹ̀rọ yóò ka lẹ́tà inú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ti èèyàn àti ti kòkòrò á dàpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ṣa ti èèyàn kúrò, kó to ìyókù pọ̀, kó sì fi wé èyí tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀, kó lè mọ ẹni tó bá ẹni tan. Ó ní ṣíṣà yẹn ló ń gba àkókò jù.

Mo ní, "Ẹni tó bá ẹni tan báwo?" Ó ní bí kòkòrò bá ń bímọ, ó máa ń ṣi lẹ́tà kan kọ níhìn-ín, kan lọ́hùn-ún, àṣìkọ náà á sì máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Háà! Iṣẹ́ mi rè é! Bí mo bá sọ lókè ọjà pé Ìyá Alágbàdo ra bàtà, kó tó dé ìsàlẹ̀, ó ti di ọkọ̀. Bí ẹni méjì bá wá sọ fún mi pé ọkọ̀ pupa ni, mo ti mọ̀ pé ẹnu kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èmi ni yunifásítì kò rí gbà.

Ẹ ò tíì gbọ́ ibi tó dùn. Ẹ rántí ọdún 2018? Àyẹ̀wò fìdí Lassa múlẹ̀ lára 633 èèyàn ní Nàìjíríà lọ́dún náà, Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi ló sì pọ̀ jù. Kálukú ń bẹ̀rù pé irú tuntun ti dé, tó ń ran láti ara èèyàn dé ara èèyàn. Ní àdúgbò tiwa, Ìyá Alágbàdo ní Alágaàrí ló kó o bọ̀ láti ibi ìsìnkú ní Ifọ́n. Wọn kò kí ara wọn mọ́ títí dòní.

Àwọn onímọ̀ kó ẹ̀rọ kékeré kan lọ sí ọsibítù Irrua, àwọn ará Hamburg ní Jámánì bá wọn dá sí i, wọ́n ń ka lẹ́tà lójú ẹsẹ̀. Ibùdó ACEGID ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, náà kà tiwọn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka lẹ́tà kòrónà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Kí ni wọ́n wá rí nínú ti Lassa? Kòkòrò inú ọ̀pọ̀ aláìsàn kò bá ara wọn tan tímọ́tímọ́! Àwọn ìdílé àtijọ́ ni, lóríṣiríṣi. Eku ló kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, kálukú láti ibi tirẹ̀.

Ọmọ náà kìlọ̀ o: èèyàn lè kó o ran èèyàn, pàápàá ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn. Ṣùgbọ́n eku tó ń tọ̀ sínú oúnjẹ ni baba ọ̀ràn.

Nítorí náà, ẹ yé sá gaàrí sí etí títì. Ẹ fi ìdérí bo oúnjẹ. Bí ibà bá kọ oògùn ibà, ẹ gbé aláìsàn lọ sí FMC Ọ̀wọ̀, ẹ má dúró de àgbo. Ẹni tó bá sì tún pe aládùúgbò rẹ̀ ní oníbà, kó kọ́kọ́ lọ gbé àpò gaàrí tirẹ̀ wò lábẹ́.