Ẹ Yà fún Big Daddy, Ọba tí Wọ́n ń Tì Kó Tó Gbéra

Ẹ yà lọ́nà, Big Daddy ń bọ̀! Camry àgbà, ọba tí kì í dá jáde nílé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń tì lẹ́yìn kó tó gbéra. Olójú-kan-tí-ń-ríran-lóru. A-fi-èéfín-kí-ará-ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mẹkáníìkì, àna rewire, oníbàárà ọjà Ládípọ̀ tí kì í rajà lẹ́ẹ̀kan péré. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣí láti ìta. Ìyẹn náà, àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kó gbé e sókè díẹ̀, kó tó fà á. Ọ̀wọ̀ ni. Ta ní í wọ ààfin láì tẹrí ba?

Àwọn tó ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti mọ ẹni tí à ń kí. Toyota Camry 2002 sí 2006 ni, èyí tí gbogbo Nàìjíríà sọ ní Big Daddy. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ó ti pẹ́ tí ìyá àwọn ọmọ ti ń sọ pé kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó lé e, kí wọ́n fi ra èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ṣé bí a ó ṣe máa bá a yí rèé?" Bàálé ilé á tún fìlà dé, á ní, "Kí ló ṣe é? Ṣebí ó gbé wa dé ibi ìgbéyàwó lọ́jọ́sí." Ó gbé wọn dé lóòótọ́. Wọ́n ti jẹ àsè tán ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ ki ẹni tí wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n má baà lọ fi ọmọ ọba ṣe pàṣípààrọ̀ láì mọ̀.

Ọmọ Toyota ará Japan. Ọmọ Camry tó dá dúró ní orúkọ ara rẹ̀ ní 1982. Àbúrò Pencil Light, Camry tó ṣáájú rẹ̀; ẹ̀gbọ́n Muscle, Camry tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀ wa ló jẹ́ ọmọ Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky, l'Amẹ́ríkà, níbi tí Toyota ti ń ṣe Camry láti 1988. Ìdílé tó níyì ni: tí a bá yọ jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, fún ohun tó lé ní 20 ọdún láti 2002, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà rà tó Camry. Orí òkun ló gbà wá. Òmíràn gúnlẹ̀ sí Àpápá, òmíràn sọ̀ sí Kútọnu, ó gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní January 2017. Ẹni tó la agbami kọjá, òun náà ni kò lè ti Èkó dé Ìbàdàn mọ́ láì dúró mu omi ní Ṣàgámù.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ wo ọlá. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, agbára ẹṣin 157. Iye tí wọ́n kà sí i lára nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Nínú ẹṣin 157 náà, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti já sígbó, àwọn tó ṣẹ́kù a sì máa dúró jẹko nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí òkè.

Àìsàn ìdílé kan wà tí baba yìí kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ lápá ẹ̀yìn a máa já ihò tí wọ́n wọ̀ lára alumíníọ̀mù. Bí bóòtù kò bá ti dì mú mọ́, omi rádíétọ̀ á wá ọ̀nà jáde, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, géèjì á sì gun òkè lọ sí pupa. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á gbẹ́ ihò náà lọ́tun, á fi irin olójú bóòtù sínú rẹ̀. Èyí tí kò mọṣẹ́ á fi gọ́ọ̀mù dí i, á nu ọwọ́, á ní, "Alàájì, ó ti parí." Ó ti parí lóòótọ́: owó ọwọ́ Alàájì. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kì í ní A-ru-jálá-omi-sí-búùtù, A-hó-bí-ìkòkò-ẹ̀wà, Má-pa-mí-kí-n-tó-tutù.

Éèsì rẹ̀ ti dákẹ́ kí àbíkẹ́yìn ilé tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi, gíláàsì ẹ̀yìn kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bàálé ilé ní afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ló dára jù. Kò sọ ibi tí afẹ́fẹ́ Ọlọ́run máa gbà wọlé.

Ọ̀làwọ́ tún ni. Kì í jẹ owó ilé nìkan kó má fún ará àdúgbò jẹ. Rewire gba tirẹ̀ lórí iná tí kò tàn, fọkanáísà gba tirẹ̀ lórí táyà, panẹ́lì bítà ń dúró dè é bí oníṣẹ́ tó ti gba àsansílẹ̀. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, ẹni tó bá sọ pé "ti Big Daddy" kò ní láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọọṣẹ́ á ti gbé mẹ́ta jáde, ayédèrú kan, ojúlówó kan, "Belgium" kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, yóò sì búra pé ojúlówó ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹ̀fẹ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀: iyì gidi nìyí. Kò sí ìlú tí Big Daddy lè kú sí nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní rí ẹni tó mọ ara rẹ̀, tàbí ẹ̀yà ara tí wọ́n máa fi rọ́pò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tó ń dán kò ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ni wọ́n fi ń bú baba jù. Tánkì rẹ̀ gba lítà 70. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC l'Ékòó, tánkì kún kò sì kọjá ₦14,000. Ní October 2024, NNPC ń ta lítà kan ní ₦998 l'Ékòó: tánkì kan náà di nǹkan bíi ₦70,000. Láti ìgbà náà ni Big Daddy kò ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àyó. Nínú gbogbo iná tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, èyí tó ń sọ pé epo fẹ́ tán nìkan ni kò gba ìsinmi.

Ta wá ni wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀? Muscle ni, Camry 2007 sí 2011. Ẹ jẹ́ kí á ki òun náà. A-gbé-èjìká-sókè-wọ-àdúgbò. A-múni-gba-kú-oríire. Ìwé ìròyìn Motor Trend l'Amẹ́ríkà fi Camry 2007 joyè ọkọ̀ ọdún. Bí bàálé ilé bá gbé e délé, ìyá àwọn ọmọ á jókòó síwájú, á sọ gíláàsì kalẹ̀ bí éèsì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ojú lè rójú.

Oríkì rẹ̀ mìíràn wà tí oníṣòwò ọkọ̀ kì í kì: Mu-ọ́ìlì-má-jò. Muscle 2007 sí 2009 tó gbé ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ní rínǹgì písítìnnì tí kì í ha ọ́ìlì kúrò lójú iná bó ti yẹ. Ọ́ìlì á máa jó díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí ẹ̀kán kan nílẹ̀, títí ọ̀pá ọ́ìlì á fi jáde ní gbígbẹ. Toyota kò sẹ́ ẹ l'Amẹ́ríkà: wọ́n ṣètò pé àwọn yóò tún àwọn tó bá ń jẹ ọ́ìlì ju bó ti yẹ lọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò tó ní gbèdéke. Wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń yọ́ nínú oòrùn, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ra tokunbo ní ọjà Berger, lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, kò sí nínú ètò náà. Bàálé ilé tó sá fún omi ti lọ bá ọ́ìlì nìyẹn.

Honda ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Accord 2003 dé, àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ní End of Discussion. Wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe ní 2006, ó di Discussion Continues. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2008 di Evil Spirit. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ ra òpin ọ̀rọ̀, kò pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ tún fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí àìmọ́ sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò fún ẹni tó ní epo ló ń lé òun kúrò lọ́dọ̀ baba. Gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ̀n EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, Big Daddy onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ń rin bíi kìlómítà 10 lórí lítà kan. Muscle 2010, tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí lítà 2.5, ń rin bíi 11. Ẹni tó ń rin kìlómítà 50 lójúmọ́ á lo lítà 5 nínú ti àkọ́kọ́, á lo bíi 4 àtààbọ̀ nínú èkejì. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, èrè ojúmọ́ jẹ́ bíi ₦500. Fún ọjọ́ 300 lọ́dún, ₦150,000 ni. Bó bá jẹ́ ₦3,000,000 péré ni wọ́n fi lé owó Big Daddy kí wọ́n tó rí Muscle gbà, ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti pé ọmọ 20 ọdún kí owó epo tó dá a padà. Go-slow Èkó kò sì sí nínú ìṣirò yìí.

Owó tí wọ́n máa fi lé e náà kò dúró sójú kan. Lábẹ́ ìlànà 2022, owó ibodè orí tokunbo jẹ́ ìdá 20 nínú 100, àfikún rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 15. Iye dọ́là ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yí i sí náírà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, owó ibodè fò sókè láìjẹ́ pé wọ́n yí ìdá kan padà nínú òfin. Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ bàálé ilé jáde sí àgbàlá, tí wọ́n fọwọ́ pa Big Daddy lórí, tí wọ́n ní, "Baba, ẹ pẹ́ fún wa."

Ọmọ-ọmọ wọn tó dé kẹ́yìn kò tilẹ̀ bá ìran yìí jọ mọ́. Camry 2025, tí Toyota ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní November 2023, kò ní èyí tó ń lo bẹntiróòlù nìkan: epo àti bátìrì ni gbogbo wọn jọ ń lò l'Amẹ́ríkà. Agbára ẹṣin wọn kò dín ní 225, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn sì ń rin ju kìlómítà 20 lọ lórí lítà kan. Bó bá wọ go-slow, ẹ́ńjìnnì á pa ara rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa rọra lọ. Bàálé ilé tí Big Daddy ti kọ́ kò lè fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, á ti fò bọ́ sílẹ̀, á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ti máa pe mẹkáníìkì.

Ohun kan wà tí oríkì kò lè bò. Nínú Muscle tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 2007, airbag ẹ̀gbẹ́ àti ti ojú fèrèsé wà nínú gbogbo rẹ̀. Láti 2010, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin nígbà tó bá fẹ́ yọ̀ lójú títì náà di dandan lára gbogbo wọn. Nínú Big Daddy, ẹni tó bá fẹ́ airbag ẹ̀gbẹ́ ló ń fi owó kún owó. Ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ ń jókòó sí. Bí ìyá wọn bá fi èyí ṣe ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe àṣehàn ló ń bá kiri.

Ìdájọ́ rèé. Big Daddy tí kò gbóná, tí jíà rẹ̀ kò sì já, kí wọ́n má tà á nítorí epo, kí wọ́n má tà á nítorí ojú ayé. Èyí tí wọ́n ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá ń wá Muscle, kó fo 2007 sí 2009 onílítà 2.4, kó wá 2010 tàbí 2011. Kó má gba ọdún tí wọ́n bá fẹnu sọ fún un: kó ka nọ́ńbà ṣaásì láti òsì dé ìkẹwàá. Bó bá bá 9 níbẹ̀, 2009 ni. A ni 2010. B ni 2011. Kó lọ láàárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò, kó sì tan súwíìsì: iná airbag gbọ́dọ̀ tàn kó tó kú. Bí iná náà kò bá tàn rárá, kó fura pé wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́, kó sì máa gbé owó rẹ̀ lọ sílé.