Ọmọ Òṣómàáló Tí Kò Lè Lóṣòó

Ẹ bá mi dá a, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni bàbá tó bí bàbá mi ń tà, ó ń kiri rẹ̀ láti Òṣú dé ìlú àjèjì. Tó bá ti fi ìka méjì pa etí aṣọ lásán, á sọ fún ọ bóyá yóò ṣá tàbí kò ní ṣá. Bí onígbèsè bá ní kò sówó, bàbá àgbà á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní òṣó ni òun máa ló títí owó òun á fi pé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún àwa Ìjẹ̀ṣà lórúkọ: Òṣómàáló. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí o. Aṣọ kan ṣoṣo, aṣọ rọ́bà, ló wá sọ mí di ẹni ẹ̀sín.

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn. Adágún mẹ́ta ni mo gbẹ́ sẹ́bàá odò. Àwọn ìyá tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi kì í dúró de oòrùn. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń pè mí níta, wọ́n fẹ́ tètè dé ọjà Iléṣà. Èmi àti ọmọkùnrin méjì la máa ń wọ inú omi lọ fa àwọ̀n. Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, eyín mi á máa gbá ara wọn bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, mo ki tẹmómítà bọ omi, ó ka dígírì 23. Àrọ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. 26 sókè ni ara rẹ̀ ń fẹ́, bí omi bá tutù, kì í jẹun dáadáa. Mo mọ gbogbo ohun tí ẹja fẹ́. Ta ló bi mí léèrè ohun tí èmi fẹ́?

Mo rojọ́ fún ìyàwó mi. Ó ní, “Bàbá Fẹ́mi, ẹ rántí Okene.”

Ẹ̀yin náà á rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lórí òkun, lọ́wọ́ Escravos, ní May 2013. Àwọn 12 ló wà nínú ọkọ̀ náà, òun nìkan ló yè. Bíi wákàtí 60 ló lò ní ìsàlẹ̀ omi, ó tó mítà 30 sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá ló ń mí, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà kọ́ṣẹ́ amòòkùn! Ìyàwó mi wá ní bí ẹni yẹn bá fi péńpé la wákàtí 60 já, kí ló ń ṣe èmi nínú omi tí kò kọjá ìbàdí?

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti ní in báyìí: Okene kò dúró sínú omi. Ńṣe ló to mátírẹ́ẹ̀sì, tó gun orí rẹ̀, nítorí omi ń gba ooru lára èèyàn ní ìlọ́po bíi 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣé kí n to mátírẹ́ẹ̀sì sórí àrọ̀ ni?

Mo bá gba ìsọ̀ olókìrìkà kan lọ. Ó fa nǹkan dúdú kan yọ, ó nípọn bí awọ erinmi. Ó ní, “Bàbá, súùtù tí òyìnbó fi ń wọ inú omi yìnyín nìyí. Òtútù ò ní mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.” Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n kọ 3 sí àyà ọ̀kan, 5 sí èkejì, 7 sí ẹ̀kẹta. Mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wojú sánmà, ó ní 3 àti 5 jẹ́ ti ọmọdé, 7 ni ti Ronaldo. Èmi náà rò ó, mo ní àgbà bíi tèmi ò gbọdọ̀ wọ ti ọmọdé. Mo ka ₦18,000 lé e lọ́wọ́.

Ẹ má bèèrè bí mo ṣe wọ̀ ọ́. Odidi agolo àtíkè ọmọ ọwọ́ la dà sí mi lára. Ọ̀rá ni ìyàwó mi fi wé ẹsẹ̀ mi kó tó yọ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ni síìpù rẹ̀ wà, àpọ́n kankan ò lè dá a wọ̀. Kí n tó dé ẹ̀bá adágún, òógùn ti kún inú rẹ̀, mo ń mí bí ewúrẹ́ ọjọ́ ọdún.

Mo wọnú omi. Omi tutù gba síìpù wọlé, ó sọ̀ gọ́ọ́ sí mi lẹ́yìn! Aṣọ tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí òtútù rí mi! Mo fẹ́ padà, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, ni mo bá léfòó. Mo dojú sókè bí igbá, mo ń yí lójú omi, ọwọ́ mi ò kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Àwọ̀n ẹja ni àwọn ọmọ yẹn fi fà mí jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja bèèrè bóyá èmi náà wà nínú èyí tí wọ́n máa wọ̀n.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Aberdeen, inú òkun ló ti ń ṣe eré ìdárayá tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Dádì Òṣú, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mìlímítà ni nọ́ńbà yẹn, bí rọ́bà ṣe nípọn tó ló ń sọ.” Ó ní fún omi tó bá wà láàárín dígírì 21 sí 27, 3 ti tó, 5 ni ti 16 sí 20, 7 ni ti omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ 10, bíi òkun tiwọn nígbà òtútù, oríṣi mìíràn tí omi kì í wọ̀ rárá ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì tún wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀. Ní ti tèmi yìí, ó ní omi máa ń wọ̀ ọ́! Díẹ̀ ló máa wọlé, ara á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, rọ́bà ò sì ní jẹ́ kí ooru náà sá lọ, nítorí ihò tóótòòtó tó kún fún afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló gbé mi léfòó. Àwọn amòòkùn a máa so òjé mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó lè rì. Wọ́n ní bí èèyàn bá dé mítà 10 nísàlẹ̀, omi á tẹ ihò wọ̀nyẹn títí wọ́n á fi kù sí ìdajì. Kí ló kàn mí kan mítà 10?

Ó ní Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Berkeley, ló ronú rẹ̀ ní nǹkan bí 1951, pé kò pọn dandan kí ara gbẹ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ bá wọn ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì. Kò yà mí lẹ́nu.

Ó wá parí rẹ̀: “Fún omi 23, Dádì, 3 tó yín.” Ti ọmọdé! Èyí tí mo fọwọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́!

Mo gbé 7 tí mo rà padà lọ. Olókìrìkà ní òun kì í gba ọjà padà, pé bóyá n kò mọ̀ ọ́n wọ̀ ni, kí n wọ̀ ọ́ kí òun rí i. Mo wọ̀ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà, òun ló fa síìpù. Ó ní ó bá mi mu. Inú bí mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà wà lára mi, òṣó ni mà á ló síwájú ìsọ̀ yìí títí ₦18,000 mi á fi pé.

Orúnkún ò tẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, rọ́bà ta mí padà sókè. Mo tún un gbìyànjú, ó tún ta mí padà. Ni mo bá dúró gbagidi síbẹ̀, apá mi méjèèjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òógùn ń ro tótó lágbọ̀n mi.

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ yà wá. Ó fọwọ́ pa àyà mi wò, ó kọjú sí olókìrìkà, ó ní, “Èyí tẹ́ ẹ gbé wọ ère yìí, èló ni?”

Olókìrìkà ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, “₦25,000 ni, mà.”