Igi Ni Mo Fẹ́ Gbìn, Irú Ni Mo Sè

Ojú ṣì ń tì mí bí mo ti ń kọ èyí, nítorí pé àwọn ọmọ àdúgbò kò tíì yé fi ọwọ́ di imú nígbà tí mo bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni ìtàn náà wà nísinsìnyí, tí ó sì ń sanra sí i lójoojúmọ́, ó sàn kí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹ̀ sí rò ó fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní ìlú Ìsẹ́yìn. Mo ka ìwé kan nípa bí wọ́n ti ń gbin igi kárọ́bù sí ọgbà ilé ní etí Òkun Mẹditaréníà, mo sì rí i pé igi náà àti irúgbá tiwa bára tan: àwọn méjèèjì ń so èso gígùn tí inú rẹ̀ dùn, tí hóró rẹ̀ sì le. Mo pinnu pé n ó gbin irúgbá sí ẹ̀yìn ilé mi. Ọ̀rọ̀ náà ìbá mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé, mo dìde, mo gbọn agbádá mi, mo sì ṣe ìlérí pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, ní ìṣojú Baálẹ̀, n ó fún olúkúlùkù onílé ní hóró irúgbá tí ó ti yọ ọ̀mùnú, lọ́fẹ̀ẹ́, kí a lè gbìn ín yí àdúgbò ká. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìwà hóró irúgbá kò lè mọ bí ọ̀ràn mi ti tó. Ẹlẹ́dàá fi awọ kan bò ó tí omi kò lè là kọjá. Bí ènìyàn bá kàn ri í mọ́lẹ̀ bí ó ti wà, ó lè jókòó sínú ilẹ̀ kí òjò rọ̀ kí ó dá, kí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì hù. Ohun tí a ń ṣe sí i kò ju pé kí a gbé omi tí ó hó kúrò lórí iná, kí a dà á lé hóró náà lórí, kí a sì fi í sílẹ̀ kí omi náà tutù fúnra rẹ̀ di òwúrọ̀. Èyí tí ó bá wú ti gba omi nìyẹn, a lè gbìn ín. Èyí tí kò bá wú, a ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ha ara ògiri sìmẹ́ǹtì títí awọ yóò fi bó díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní ha ibi tí ọ̀mùnú ń gbà jáde, a ó sì tún dá a padà sínú omi. Ìwé mi sọ èyí nípa kárọ́bù, àwọn àgbẹ̀ sì sọ ọ́ fún mi nípa irúgbá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ púpọ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, mo rò ó nínú ara mi pé bí omi gbígbóná tí a dà lé e lórí bá lè ṣí awọ náà díẹ̀, sísè é gan-an yóò ṣí i tán.

Ìyàwó mi lọ sí ìkómọjáde ní Ṣakí. Mo mú ìkòkò rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù, mo da hóró irúgbá sí i, mo gbé e ka àrò, mo sì ju káún sí i, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin pé káún a máa mú awọ irúgbá rọ̀. Mo kó igi sí i lábẹ́, mo nà sórí àga mi, mo yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, oorun sì gbé mi lọ. Àkùkọ ni ó jí mi. Nígbà tí mo ṣí ìkòkò náà, tí mo rí i pé gbogbo awọ ti rọ̀ jọ̀bọ̀, ńṣe ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó wá kù kí ọ̀mùnú yọ. Mo rántí bí ìyá mi ti í ṣe sí ọkà bàbà tí ó bá fẹ́ fi pọn ọtí: a rẹ ẹ́, a sẹ́ ẹ, a fi ewé bò ó, ọkà náà a sì hù. Èmi náà sẹ́ irúgbá mi pẹ̀lú ooru lára rẹ̀, mo tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, mo dà á sí i, mo fi ewé bò ó, mo tún fi àpò ìdọ̀họ bo ewé, mo sì gbé e sẹ́bàá àrò. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò náà, mo sì bá ooru níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná ti kú lábẹ́ àrò látàárọ̀. Ooru yẹn ni mo pè ní ẹ̀mí. Nígbà tí ìyàwó mi dé, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí ó ní, “Bàbá Bọ́lá, kí ni ó ń rùn báyìí?” mo dá a lóhùn pé, “Ohun tí ó bá ń hù kò lè ṣe kó má rùn.”

Ọjọ́ ìpàdé pé. Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àwọn onílé tò yí i ká, a gbé agbọ̀n náà síwájú mi pẹ̀lú aṣọ funfun lórí rẹ̀, èmi sì dìde láti sọ ọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé ní 1826 ni Robert Brown, onímọ̀ ewéko ọmọ Scotland, fi orúkọ Mungo Park sọ ìdílé igi yìí ní Parkia, Mungo Park kan náà tí ó kú sínú odò Ọya ní Bùsà ní 1806. Mo sọ fún wọn pé òdòdó rẹ̀ pupa, pé ó rí roboto, pé òru ni ó ń pe àlejò, àti pé àdán ni ó ń gbé àtíkè rẹ̀ láti igi dé igi, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń jẹ irú, kí ó má ṣe bú àdán. Mo bọ́ sórí oríkì: “Irúgbá, onílẹ̀kẹ̀ pupa tí ń so rọ̀ lọ́run ọ̀dàn, a-fi-ìyẹ̀fun-fọ́mọdé-lá, a-fi-hóró-fágbà-sebẹ̀...”

“Àní ta ni ó ń se ẹ̀fọ́ níbí?” Ẹnìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Àwọn eṣinṣin ti ń bà lé aṣọ funfun náà, ajá kan sì ti wá dùbúlẹ̀ sí ìdí agbọ̀n, ó ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Mo rí i tí Baálẹ̀ fi ẹ̀rọ̀ fa etí agbádá rẹ̀ sókè dé imú. Mo yára parí oríkì, mo sì ṣí agbọ̀n.

Hóró náà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn ní òṣùṣù, nǹkan funfun kan ti bo ara wọn, nígbà tí mo sì yọ ọ̀kan sókè kí ayé lè rí i, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá a jáde, ó ń fà, ó ń yọ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Èmi tí mo ti wá ọ̀mùnú lójú oorun, tí mo ti wá a lójú ayé, mo fi gbogbo ohùn tí mo fi ń pe ọmọ sí ìlà kígbe pé, “Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀!”

Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá kan tí ó ń ta irú lọ́jà dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wá, ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó mú hóró kan, ó fi ìka méjì ra á, awọ rẹ̀ yọ bọ́, ó tọ́ ọ wò ní ṣónṣó ahọ́n, ó sì tu ú dànù. “Ọ̀gá Tíṣà,” ni ó wí, “ẹ kú iṣẹ́ o. Irú ni ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ sè é, ẹ kò bó o, ẹ sì bò ó. Kò lè hù mọ́, kò sì ṣeé jẹ.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, fìlà Baálẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọkùnrin kan bi mí bóyá kí òun gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti tòmátì, kí ọbẹ̀ lè hù lódindi. Ajá nìkan ni kò rín mi.

Ìyá náà jàre. Ẹni tí ń ṣe irú a máa se irúgbá títí awọ yóò fi rọ̀, a tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó gún un láti bó awọ náà kúrò, a fọ̀ ọ́ mọ́, a tún un sè, a sì fi ewé àti àpò bò ó pẹ̀lú ooru lára rẹ̀ fún bí ọjọ́ 2 sí 3, títí yóò fi kan, tí yóò móoru fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fà. Ohun gbogbo ni mo ṣe tán pátá, àfi bíbó, fífọ̀ àti àtúnsè, láìmọ̀ pé mo ń ṣe é. Ẹ̀mí tí mo fọwọ́ bà nínú agbọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti kòkòrò àìfojúrí tí ń mú irú kan ni.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀, nítorí inú ń bí mi. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù lọ́jọ́ náà gé irúgbá ńlá kan kí ó tó kọ́ ilé rẹ̀, àwọn tí ń sun èédú ni ó sì tà á fún. Èyí tí ó tẹ̀ lé e fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo àgbàlá rẹ̀ débi pé koríko kò ríbi hù. Gbogbo wọn ni ó ń jẹ irú, gbogbo wọn ni ó sì ń ráhùn pé irú ọjà kò dùn mọ́, pé ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè fún wọn. Níbo ni wọ́n fẹ́ kí irúgbá ti wá? Irúgbá kì í tètè so. Ọdún 5 sí 10 ni ó ń gbà kí ó tó fi òdòdó han ènìyàn, ẹni tí kò bá sì gbìn ín lónìí kò ní kan ojú èso rẹ̀. Èmi bàjẹ́ níbi tí mo ti ń gbìyànjú. Àwọn kò bàjẹ́ nítorí wọn kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá onírú náà fún mi ní hóró tútù, kò gba kọ́bọ̀. Mo da omi gbígbóná lé e, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo lọ sùn. Àwọn kan wú, mo gbìn wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì hù. Mo tètè gbé wọn lọ sílẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nítorí gbòǹgbò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lu ọ̀rá. Mo gbìn wọ́n jìnnà sí ògiri, nítorí igi tí ó lè ga ju mítà 15 kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé olókè. Òbúkọ aládùúgbò ti jẹ orí ọ̀kan, ó sì ti tún rú láti ẹ̀gbẹ́. Mo ti fi ẹ̀gún yí i ká, mo sì ti bá olówó òbúkọ sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síhìn-ín.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ pé, “Ọ̀gá Tíṣà mú irú wá, kò ṣeé jẹ, kò ṣeé gbìn.” Mo dìde láti ta kò ó, mo ní kí ó kọ ọ́ pé ìdánwò ni. Alága béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé bí akọ̀wé ti kà á gan-an ni ó rí. Ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ ròkè ni ti ìyàwó mi. Ó sì ní àtúnṣe kan, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ kún un pé ìkòkò òun ṣì ń rùn.