Pẹ́ńsù Ló Sọ Ọ́ Di Ọ̀wọ́n

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀-ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n-ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Ògo ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó dárúkọ owó. Àwọn tó ń ta fọ́tò àwọn òṣèré sinimá àtijọ́ ní London àti New York ti dojú òwe náà dé: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ná, ògo á wá bá a níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ni fọ́tò yìí nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí George Hurrell ń ya Joan Crawford àti Norma Shearer fún ilé iṣẹ́ sinimá MGM, ńṣe ni wọ́n ń pín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fáwọn ìwé ìròyìn àtàwọn olólùfẹ́ òṣèré kiri. Wọ́n fẹ́ kó kárí ayé ni. Ta ní ń polówó ọjà kí èèyàn má baà rí i?

Lónìí, wọ́n á tẹ ẹ̀dà 50, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ 7/50 (ìkeje nínú àádọ́ta) sétí rẹ̀, ayàwòrán á buwọ́ lù ú, ìwé ẹ̀rí á tẹ̀ lé e. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí o. Ẹgbẹ̀rún lẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀ lálẹ́ òní, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ìlérí lásán ló dá wọn dúró.

Ìlérí ọ̀hún náà ní ẹ̀yìnkùlé. 50 yẹn, ti ìwọ̀n kan ni. Ìwọ̀n tó tóbi jù ú lọ tún lè ní 50 tirẹ̀. Ká ní ẹlẹ́kọ kan ló búra pé ẹ̀kọ àádọ́ta péré lòun dì, tẹ́ ẹ sanwó tán, tó wá ṣí igbá kejì: “Ìyẹn kò sí lára wọn o, ewé wọn ló fẹ̀ jù.” Ariwo la ó fi lé e lọ́jà. Ní New York, ilé ẹjọ́ kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ní 2012, ẹnì kan tó ń kó àwòrán tí ayàwòrán William Eggleston yà jọ (tòṣèré kọ́, ọ̀nà kan náà ṣáá ni) pè é lẹ́jọ́ pé ó tún àwọn kan tẹ̀ ní ìwọ̀n ńlá. Ní 2013, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Mi ò ní àwòrán wọ̀nyí ò dáa. Èyí tí Terry O'Neill ya Faye Dunaway lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Beverly Hills ní 1977, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó gba Oscar, ògo ni: ère wà lórí tábìlì, ìwé ìròyìn fọ́n ká ilẹ̀, obìnrin náà sì jókòó bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé kò jù báyìí lọ? Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó rà á, nọ́ńbà ni yóò kọ́kọ́ kà fún yín.

Ti Marilyn Monroe ló wá yọyẹ́. Ní 1962, Bert Stern yà á fún ìwé ìròyìn Vogue ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Los Angeles, fọ́tò tó lé ní 2,500. Wọ́n kó díẹ̀ wá fún Monroe kó yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ìnkì fagi lé e. Ó fi pín-ìnnì irun ha àwọn mìíràn. Ó kú lóṣù kẹjọ ọdún yẹn. Stern tẹ àwọn tó fagi lé náà jáde, tòun ti àmì, àmì yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń polówó wọn. Obìnrin náà ní kẹ́nikẹ́ni má rí i. Oníbàárà ní, nọ́ńbà mélòó ló ṣẹ́ kù?