Ẹnjiníà Tó Ń Jí Òkú Ímeèlì Dìde

Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kétu, ẹ yà sí ọ̀nà Ìkòsì, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Pátákó iwájú ẹ̀ ka gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe: fọ́tòkọ́pì, fọ́tò páspọ́ọ̀tù, ìwé títẹ̀, kọ̀ǹpútà títúnṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn ló fi ọ̀dà pupa kọ: "A ń gba ohun tó sọnù nínú kọ̀ǹpútà padà." Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í ní yunifásítì tó ti gboyè. Ó kọ́ṣẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ìyẹn sì tó ìwé ẹ̀rí lójú ará Kétu.

Fọ́tòkọ́pì ló ń bọ́ ọ. Ímeèlì tó sọnù ló ń sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Ẹ wo akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé láptọ́ọ̀pù dé láti Alápẹ́rẹ, tó fi ọ̀rá wé e nítorí òjò. Ó ń pa lẹ́tà tí kò wúlò rẹ́ nínú Outlook ni ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lọ sórí èyí tó wúlò.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí. Lẹ́tà tí wọ́n fi pe Dádì sí London ti pòórá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ fún físà!"

Ẹnjiníà ò tètè dáhùn. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

"Àǹtí, ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni sà."

"Ṣé ẹ pa kọ̀ǹpútà, tí ẹ tún tàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Háà! Ẹ ti dá kún un nìyẹn."

Kò dá kún nǹkan kan. Lẹ́tà tí a bá pa rẹ́ nínú Outlook, inú fóldà tí wọ́n ń pè ní Deleted Items ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí títí ẹnì kan yóò fi kó ibẹ̀ dànù. Ká tẹ̀ ẹ́, ká ní kó padà sí Inbox, ó parí. Ká ní akọ̀wé ti tẹ Ctrl àti Z lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, kì bá tí wọ ọkọ̀ rárá. Ẹnjiníà mọ èyí dájú. Kó tó jókòó dáadáa ló ti rí lẹ́tà Dádì, tó wà gbẹdẹmukẹ níbi tó wà.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Á rọra kọ ojú láptọ́ọ̀pù sí ògiri. Á ṣí fèrèsé dúdú kan báyìí tó wà nínú Windows, á tẹ "dir /s", ọ̀rọ̀ funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Á wá yí i díẹ̀, kí oníbàárà lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i. Akọ̀wé á ké "Jésù!" Orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà lásán ni àṣẹ yẹn ń kà jáde, kò wá nǹkan kan, kò sì rí nǹkan kan. Àmọ́ ó ń sáré, ó sì dúdú.

"Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò, Àǹtí. Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ní ẹ ti wá?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ẹ̀mí. Iye tó máa gbà ló ń wádìí. Ìjọ tó ń háyà kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Àìkú, 5,000 náírà. Ìjọ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti bọ́ọ̀sì méjì, 20,000, owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀.

Èmi ò bá a jà lórí owó. Ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà, tí ẹlòmíì ò mọ̀, ó yẹ kó jẹun níbẹ̀; aláròóbọ̀ tòmátì ní Mile 12 kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri yẹn ni mo bá a jà sí. Bí akọ̀wé bá fojú kan fóldà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní padà wá mọ́ láyé, Ẹnjiníà sì mọ̀.

Àwọn tó fi Shift mọ́ Delete, tiwọn le díẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í gba Deleted Items kọjá. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ímeèlì ọ́fíìsì tó wà lórí Exchange ti Microsoft, server ò tíì jù ú nù. Ẹni tó bá ṣí Folder, tó tẹ Recover Deleted Items, á bá a níbẹ̀ fún ọjọ́ 14, ọ̀gá tó ń bójú tó server sì lè fà á dé 30. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Lásárù lò ní ibojì. Tí ọjọ́ bá wá kọjá, Ẹnjiníà ò jẹ́ sọ pé ó ti parí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa lónìí. Ẹ padà wá lọ́la."

Fún ẹni tí fáìlì PST rẹ̀, ibi tí Outlook ń kó lẹ́tà pamọ́ sí, bàjẹ́, ó ní sófítíwíà kan tó lóun fi dọ́là rà. Scanpst ni, ọ̀fẹ́ ni Microsoft fi í sínú Outlook.

Ibi tí Ẹnjiníà ti ń di apààyàn ni ọ́fíìsì tó ń lo Thunderbird, tí gbogbo lẹ́tà wọn wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Lẹ́tà tí wọ́n bá pa rẹ́ nínú Inbox ṣì wà nínú fáìlì Inbox. Àmì lásán ló wà lára ẹ̀ pé kí ojú má rí i mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe Compact, tó ń fún fáìlì náà pọ̀, ló ń kú tán. Ẹni tó gbọ́n á pa Thunderbird dé, á ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí fláàṣì, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹnjiníà wa, onímọ̀tótó, Compact ló máa kọ́kọ́ tẹ̀: "Kọ̀ǹpútà yín ti wúwo jù." Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé sófítíwíà ìwákiri kan tí kò sanwó ẹ̀ sórí dísìkì kan náà tí òkú wà, kó lè jókòó lé e lórí dáadáa. Bí kò bá rí nǹkan kan, dísìkì ló ti bàjẹ́, tuntun sì wà nílẹ̀ fún títà.

Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan. Nígbàkigbà tí lẹ́tà bá ti fẹ́ jáde, Ẹnjiníà á rán an lọ ra píọ̀ wọ́tà. Ọmọ náà ti lo ọdún mẹ́ta, kò tíì fojú kan Deleted Items rí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá lọ sóde ìyàwó ní Ìjẹ̀bú, oníbàárà kan dé. Ọmọ iṣẹ́ mí kanlẹ̀, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó kọ ojú kọ̀ǹpútà sí ògiri, ó tẹ "dir /s". Ọ̀rọ̀ funfun sáré títí, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ímeèlì kankan ò jáde. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n mú owó epo wá.