Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Ìbejì, Olóhùn Iyọ̀ Inú Bọ́ọ̀sì Máìlì 12

Àbúrò mi àtàtà,

Gbangba ni mo kọ eléyìí sí, torí ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wakọ̀" ni. Ìwọ tí o ń wọ BRT lójoojúmọ́, nígbà wo ni wọ́n gbé stíárìn lé ọ lọ́wọ́?

Ìròyìn rẹ ń dé Ẹ̀pẹ́ níbí. Wọ́n ní láti Ìkòròdú títí dé Máìlì 12, ìwọ lo máa ń tún orílẹ̀-èdè yìí tò láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ owó epo, o mọ̀ ọ́n. Ìdí tí Arsenal fi ń pa àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́kún, o mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn èrò a máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi gbàgbé sún kẹrẹ fà kẹrẹ Kétu. Ẹni yìí kan náà ló ń wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó ń kí afẹ́fẹ́ pé "Ẹ káalẹ́ o", tó ń jẹun, tó ń gbé fóònù sójú títí oorun á fi gbé e lọ. Orò Ìkòròdú ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n á kéde, àwa obìnrin á wọlé tilẹ̀kùn, ó parí. Ìdákẹ́jẹ́ tìrẹ nìkan ni kò ní ìkéde, tí kò sì lọ́jọ́ tó ń tán.

Má bínú sí Ìyá Ìbejì o. Kò fẹjọ́ rẹ sùn mí. Ẹja ló máa ń wá rà lọ́jà Olúwo, ẹja náà la sì máa ń sọ. Àwọn ìbejì ló tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, Táíwò fi yín ṣeré fún wa ní ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ìdérí ìkòkò sójú bíi fóònù, ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n tí kò ní: "Kẹ́hìndé, sọ fún mọ́mì ẹ pé mi ò rí ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun." Kẹ́hìndé rin ìṣísẹ̀ méjì lọ, ó rin méjì bọ̀: "Dádì, mọ́mì ní ó wà níbi tẹ́ ẹ bọ́ ọ sí." "Sọ fún un pé ó ṣé." Pálọ̀ kan náà ni o! Àga kan náà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àfìgbà tí Kẹ́hìndé bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n máa sanwó iṣẹ́ fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti di ìkọ̀ láàárín àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Ó wá ku ti ìjà yín lẹ́yìn Iléyá. Mi ò ní sọ ohun tó fà á níbí, ojú ayé ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àléètì wọlé sórí fóònù ìyàwó rẹ: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Níbi tí èèyàn ti ń kọ ìdí tó fi ń fi owó ránṣẹ́, o kọ "feeding". Bàbá Ìbejì, ẹ̀bẹ̀ lo bẹ̀ yẹn? Owó ọbẹ̀ ni obìnrin pè é. Ó lọ ra tòmátì àti tàtàṣé. Ìwọ jókòó sí Odògúnyàn, ò ń retí kó sọ pé òun ti gbẹ́bẹ̀.

Mo mọ ohun tí o máa wí: ọkùnrin kì í sọ púpọ̀, ó ti pàrokò. Kò burú, ẹ jẹ́ ká sọ ti àrokò, torí àwọn Ìjẹ̀bú baba ńlá wa lọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún 1887, wọ́n tẹ díẹ̀ nínú àrokò Ìjẹ̀bú sínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó ń wò ó tìyanu-tìyanu. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra, ọ̀rẹ́ ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ fẹ́ fojú kàn ọ́. Tí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin sí ọmọge ni pé ọkàn òun fà sí i, tọ́mọge bá sì gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Lójú tèmi, ẹyọ mẹ́jọ yẹn gan-an ni àrokò. Kí ìránṣẹ́ tó gbéra nílé ni olúkálukú ti mọ ohun tí owó ẹyọ ń wí, ẹni tó gbà á sì mọ̀ pé èsì ń bẹ lọ́rùn òun. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ jọ ṣàdéhùn pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni "mo jẹ̀bi"? Tí wọ́n bá ní kí n pàrokò bẹ́ẹ̀dì yín báyìí, ẹyọ méjì ni n ó wá, o sì mọ bí n ó ṣe so wọ́n.

Àbí ìtìjú ni, pé ta ni yóò kọ́kọ́ lanu? Wo Ọba Kòsọ́kọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun òyìnbó rọ̀jò ọta lé Èkó lórí, wọ́n lé e kúrò lórí oyè, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ wa níbí. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣì ń fi Kayókayó ṣe ìrántí rẹ̀ títí dòní. Tí ẹnì kan bá ní ìdí láti yan odì, òun ni. Síbẹ̀, lóṣù Kìíní 1854, òun àti Campbell, aṣojú ìjọba òyìnbó, fọwọ́ sí àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: ó jọ̀wọ́ ìtẹ́ Èkó, wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Leckie, wọ́n sì ní àwọn á máa fún un lówó lọ́dọọdún. Mi ò sọ pé ó dùn mọ́ ọn o. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1862, Kòsọ́kọ́ ti padà sí Èkó. Àgbá ló wà láàárín àwọn yẹn. Itan àgbò ló wà láàárín ìwọ àti Ìyá Ìbejì. Ẹ gbà mí o, mo ti sọ ọ́!

Mo mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ń jẹ ọ́ lẹ́ran. Ẹni tó fi ìdájí jáde kò lè máa ṣe àsọyé lóru, obìnrin tó sì ti ń ta ẹja yíyan ní Sábó láti àárọ̀ kò lè fetí sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ẹ fi í dọjọ́ Àìkú, nígbà táwọn ọmọ bá lọ sílé kéwú. Lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ìbéèrè kan ti tó: "Báwo lọjà ṣe rí lónìí?" Kí o wá gbé fóònù sílẹ̀, kí o gbọ́. Mo ní kí o gbọ́ o, mi ò ní kí o dájọ́. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Kó tó sọ tán pé oníbàárà kan jẹ òun lówó, ìwọ á ti ní, "Ta ló ní kó o tà á láwìn?" Ibẹ̀ ni obìnrin ti ń pa ẹnu mọ́, tí yóò sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ lọ fún ẹni tó lè gbọ́ ọ.

Tí nǹkan bá dùn ọ́, òun ni kí o sọ ọ́ fún. Gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp kọ́. Ohun tí o kọ síbẹ̀ nínú ìbínú, ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé rẹ̀, àwọn bọ̀dá wa ṣì ń fi ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn.

Òun náà ní tirẹ̀, mo sì ti sọ fún un lójú. "Kò sí nǹkan kan" tó máa ń wí nígbà tí nǹkan mẹ́rìndínlógún bá wà, ta ni yóò mọ̀ ọ́n túmọ̀? Wòlíì ló fẹ́ kó o dà ni?

Kẹ́hìndé tún pè mí lánàá. Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́mì òun bi ọ́ bóyá kí òun gba ṣọ́ọ̀bù kejì tó ṣófo ní Sábó, nítorí pé onílé ń fẹ́ èsì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní o ò gbójú sókè, o kàn ní "Ó dáa." Obìnrin náà ṣì ń rò ó di báyìí. Ó dáa, kó gbà á? Àbí ó dáa, o ti gbọ́?

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ẹ̀gbẹ́ ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.