Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Lórí Òkè Yìnyín

Òkè Ìdánrè ló kó bá mi. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà tí mo gùn ún, sílípáàsì ni mo fi gùn ún, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ka ara mi mọ́ àwọn agunkè. Nígbà tí bọ̀dá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Aberdeen wá sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí òkè Cairngorms nígbà òtútù, mo ní, “Bọ̀dá, mo ń bá yín lọ. Òkè wo ni mi ò rí rí?”

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bọ̀dá fi ìkéde kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwọn Scottish Avalanche Information Service ló ṣe é, àwọn tó máa ń sọ fún aráyé nígbà òtútù bóyá yìnyín lè ya wálẹ̀ láti orí òkè láàárín wákàtí 24 tó ń bọ̀. 3 nínú 5 ni wọ́n kọ fún ibi tí à ń lọ. Inú mi dùn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, 3 nínú 5 jẹ́ 60 nínú 100. Ẹni tó bá gbà á ti yege, bàbá rẹ̀ á sì pa adìyẹ. Mo fèsì pé, “Ó ti yege, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ewu ni wọ́n ń fún ní máàkì, mi ò mọ̀. 3 yẹn túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá tẹ ibi tí kò yẹ lè já gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Mo wọ jíǹsì. Mo di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin tó ní ẹyin nínú sí àpò. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa yìnyín tó ń ya, inú fíìmù ni mo ti mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá pariwo, ó máa wó. Nítorí náà, bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyàwó mi pè. “Bàbá Ìbejì, kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí olè?” Mo pa fóònù, mo sọ ọ́ sí àpò àyà.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni afinimọ̀nà wa so mọ́ àyà kálukú. Ìlò rẹ̀ ni pé bí yìnyín bá bo èèyàn, ẹ̀rọ náà á máa ké láti abẹ́ yìnyín, tàwọn yòókù á sì máa gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú 15 péré ni, bí a ò bá tíì hú ẹni náà jáde, ọ̀ràn ti ń bàjẹ́. Bí a bá ń rìn, kí gbogbo wa fi í sí “ké”. Èmi fi tèmi sí “gbọ́”. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ á gbọ́. Nígbà tí afinimọ̀nà ń yẹ̀ wá wò, tàwọn yòókù ń dún pí-pí. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, kẹ́kẹ́ pa. Ó ní lójú ẹ̀rọ, èmi ò wá rárá. Ó sì yọ fóònù tí mo tẹ̀ mọ́ ọn kúrò, torí ó lè da ẹ̀rọ náà láàmú.

Coire an t-Sneachda lorúkọ ibi tí à ń lọ. Ìgbà tó ti bọ́ ni mo tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀: ìkòkò yìnyín. Kó tó di aago 11, omi ti wọ jíǹsì mi, ó sì ti gan. Mo ń rìn bí ẹni tó wọ páànù. Òkúta ibẹ̀ sú mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ń dán bí ẹ̀kọ tútù. Mo ní kí n gba ibẹ̀ gé ọ̀nà kúrú.

Afẹ́fẹ́ ti ń gbá yìnyín láti ẹ̀yìn òkè mọ́jú, ó sì ń tò ó jọ síbẹ̀. Ó le lókè, ṣùgbọ́n ohun tó jókòó lé ò lẹ̀ mọ́ ọn, àfi bí ìgbà téèyàn da gààrí sórí òrùlé tó wá gbé pákó lé e. Mo gbé ẹsẹ̀ kẹta, ilẹ̀ dún “gbììn” lábẹ́ mi bí ìgbà tí ìyá àgbà bá jókòó lórí tìmùtìmù. Ìlà kan là láti ẹnu bàtà mi lọ, tínrín, ó gùn tó apá mi.

Afinimọ̀nà figbe ta. Mo yíjú sí i, mo fi ìka lé ètè: “Ṣìì! Ẹ má pariwo!”

Ó tún figbe ta, ó ní kí n fi ipasẹ̀ mi padà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní igbe kì í já yìnyín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a lọ, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ rìn ló tẹ̀ ẹ́ já, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín ìwọ̀n dígírì 30 sí 45. Kílò 104 ni mí lọ́dún yẹn.

Bọ̀dá wò mí látòkè délẹ̀. “Àbúrò, ìwọ tó ń rọra sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, o ò ṣe rọra jẹun?”

A yí padà. Ní March 20, 1986, afẹ́fẹ́ orí Cairn Gorm fẹ́ dé 173 máìlì ní wákàtí kan. Tiwa ò tó ìdajì ìyẹn, síbẹ̀ ó gba fìlà mi lọ. Nínú ọkọ̀, mo yọ mọ́ínmọ́ín jáde. Mo fi eyín gé e, kò gé. Bọ̀dá ní kí n tò wọ́n síwájú ibi tí ooru ọkọ̀ ti ń jáde. A dé Huntly, lọ́nà Aberdeen, kó tó gba eyín, ẹyin inú rẹ̀ ṣì dì.